Omi Ọmọ Kì Í Padà Sínú Ìgò Ìyá

Obìnrin tí à ń sọ yìí, oúnjẹ ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkòkò nínú iṣẹ́ náà, kò sí ata, iyọ̀ tó sì wà níbẹ̀, ti òkun ni. Àwọn tó ń bọ́ kò lẹ́nu ọpẹ́. Ọmọ oníkarahun ni wọ́n, àwọn ẹran òkun tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì, tí wọn kì í tó hóró iyanrìn kan nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sìn wọ́n létí òkun, ewé kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ dàgbà. Ojú lásán kò lè rí ewé náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àfi tí ẹgbàágbèje rẹ̀ bá péjọ sínú omi kan náà ni a ó tó rí i pé omi náà ti pọ́n bí tíì. Obìnrin yìí ló ń gbìn ín. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pè é ní Ìyá Oúnjẹ, tí orúkọ tí òbí sọ ọ́ fi di ohun tó ń rí lára káàdì iṣẹ́ nìkan.

Yàrá méjì ni iṣẹ́ rẹ̀ pín sí. Yàrá ńlá ni ti ọ̀rá: àpò ọ̀rá mẹ́jọ tó kún fún omi ewé, tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n so rọ̀ mọ́ irin, iná funfun lẹ́yìn wọn, afẹ́fẹ́ ń hó nínú wọn láìsinmi. Yàrá kékeré ni ti ìyá. Ìgò mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀ lórí pẹpẹ kan, òwú funfun ni wọ́n fi dí ẹnu wọn, kò sí ẹ̀rọ, kò sí ariwo. Láti inú ìgò mẹ́ta yìí ni wọ́n ti ń bu díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀rá, láti inú ọ̀rá ni wọ́n sì ti ń bọ́ àwọn ọmọ oníkarahun. Omi tó ń wọ ìgò ìyá, sísè ni wọ́n ń sè é, wọn a sì jẹ́ kó tutù di ọjọ́ kejì. Ti ọ̀rá, asẹ́ lásán ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, torí ta ni yóò gbé ọ̀rá mẹ́jọ kaná?

Òfin pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ibi iṣẹ́ gbogbo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ń tẹ̀ lójú. Ẹyọ kan ni kò ní àwáwí: omi ọmọ kì í padà sínú ìgò ìyá. Ohun tó bá ti inú ìgò jáde, ó jáde lọ pátápátá nìyẹn. Bí omi inú ọ̀rá ṣe lè dára tó lójú, kò gbọdọ̀ padà sókè.

Bàbá Ìgò ló fi òfin yìí lélẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bu omi àkọ́kọ́ náà láàárín àpáta ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, òun ló ṣà á títí ó fi ku irú ewé kan ṣoṣo, òun ló sì ń tọ́ ọ láti ìgò dé ìgò láti ọjọ́ náà. Kò sí ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀. Nígbà tí Ìyá Oúnjẹ kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ilẹ̀ ló wá ń nù. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ìnulẹ̀ rẹ̀ dúró, ó ní, “Bàbá, ó jọ pé ó rẹ ìgò àárín yìí o.” Bàbá wo ìgò, ó wo obìnrin tó ń nulẹ̀, ó tún wo ìgò. Òótọ́ ni, ó rẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ìnulẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ pé ó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló máa ń dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lápò. Yóò kọ́kọ́ yí yàrá ńlá ká, yóò máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá àwọn ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń kí ọmọ ilé. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ yàrá kékeré, yóò gbé ìgò kọ̀ọ̀kan, yóò mì ín jẹ́jẹ́, yóò yọ òwú, yóò sì gbóòórùn rẹ̀. Ìyẹn náà kò bófin mu, àmọ́ ta ni yóò ka òfin sétí ẹni tó ṣe é? Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n díẹ̀ látìgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, gbogbo ènìyàn sì ti rí i, wọ́n kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni.

Ọjọ́rú kan ni ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán gangan, tí kò sí nǹkan kan tó ń lé ẹnikẹ́ni. Ìyá Oúnjẹ ń nu pẹpẹ àwọn ìgò ìyá, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kan ìgò àárín, ìgò náà sì dojú dé. Kò fọ́. Omi inú rẹ̀ ló ṣàn gba orí pẹpẹ bọ́ sílẹ̀, kí ó sì tó gbé e dúró, ó ti lọ ju ìdajì lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí obìnrin yìí bá ti fi ìgò náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó da omi sísè lé e lọ́jọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan ni ìbá fi pọ́n padà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ìbá lé e kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ̀rín nìkan ni wọn ìbá fi í rín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni kò sì fẹ́. Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni Aláriwo, ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ oníkarahun, da korobá omi kan nù, tí Ìyá Oúnjẹ fi í ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ fi ṣú. “Ọdún kọkànlá mi rèé,” ó ní, “ẹ̀kán omi kan ò já bọ́ lọ́wọ́ mi rí!” Ẹnu tó fi sọ ọ́ kò tíì gbẹ. Bàbá Ìgò yóò dé lọ́la, ojú àkọ́kọ́ tó bá gbé báyìí ni yóò rí i pé ìgò àárín ti fà, Aláriwo yóò sì gbọ́.

Ó nu ilẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ sí yàrá ńlá, ó sì wo àwọn ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá kẹrin ló pọ́n jù, ó dúdú mìnìjọ̀. Ó bu omi rẹ̀ sínú ife mímọ́, ó padà wọ yàrá kékeré, ó sì dà á sínú ìgò ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é, ẹnu rẹ̀ sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé, “Omi ọmọ kì í padà,” bí ẹni tó ń ka àdúrà lórí ohun tó ń jí.

Ìgò kún. Ṣùgbọ́n ó pọ́n ju àwọn méjì yòókù lọ, ojú Bàbá yóò sì mú un. Kí ni ó tún ṣe? Ó da ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú korobá kan tó fi omi gbígbóná fọ̀ dáadáa, ó rò wọ́n pọ̀, ó sì pín wọn padà sínú ìgò ní ọgbọọgba. Nígbà tó ṣe tán, wọ́n dọ́gba bí ìbẹta. Inú rẹ̀ dùn. Ẹni tó bá ti bo nǹkan mọ́lẹ̀ rí yóò mọ irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀, kì í ju alẹ́ kan lọ.

Bàbá dé lọ́jọ́ kejì. Ó gbá àwọn ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wọlé, ó gbé ìgò, ó mì ín, ó yọ òwú, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Bí ọjọ́ tí mo bù ú gan-an ni,” ó ní. “Ìyá Oúnjẹ, tí mo bá kú lónìí, mo mọ ẹni tí mo fi ọmọ mi sílẹ̀ fún.”

“Ẹ ò ní í kú o, bàbá,” ó fèsì, ó sì yíjú sí ògiri bí ẹni tó ń wá aṣọ ìnuwọ́.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọ̀ ọ̀rá kẹrin ṣá. Kò rọra ṣá o. Láàárọ̀ ó pọ́n bí tíì, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi ṣú ó ti dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ife tíì, ìfòfó funfun ń léfòó lójú rẹ̀, ẹrẹ̀ tó rí bí eérú sì ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀rá mẹ́ta mìíràn tẹ̀ lé e. Ìyá Oúnjẹ kò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó tó tan iná yàrá kékeré, ó ti mọ ohun tí yóò rí. Ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti funfun. Ó dúró síbẹ̀, ó gbọ́wọ́ lérí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó sì ti fi ìgbọ̀nwọ́ kan àti ìtìjú kan pa á tán.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí nǹkan inú omi, Dókítà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó gbé awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá kalẹ̀, ó fi ọjọ́ méjì wo omi ọ̀rá àti ti ìgò. Ní ọjọ́ kẹta, ó pe gbogbo wọn jọ sí yàrá ńlá, Bàbá Ìgò náà sì wà níbẹ̀, ó jókòó lórí àpótí kan.

“Fáírọ́ọ̀sì ni,” Dókítà sọ. “Inú òkun ló ti wá. Asẹ́ tó wà lẹ́nu rọ́bà tí ẹ fi ń fa omi òkun ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibẹ̀ ló gbà wọ inú ọ̀rá. Àmọ́ kì í ṣe pé fáírọ́ọ̀sì yẹn pa wọ́n bí èèyàn ṣe ń pa ẹran o. Ewé yìí kéré, àmọ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ló gbé ọ̀bẹ pamọ́ sínú ara látọjọ́ tí wọ́n ti dá a. Ọ̀bẹ tó máa fi pa ara ẹ̀ ni.”

“Ẹ̀n?” Aláriwo ní. “Kí ló fẹ́ fi irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ṣe?”

“Torí àwọn ará ẹ̀ ni. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ọ̀kan lára, tónítọ̀hún bá tètè fa ọ̀bẹ yọ, òun àti fáírọ́ọ̀sì á jọ kú síbẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ráyè bímọ, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á yè. Àmọ́ tó bá pẹ́, tó ń fà á lónìí, tó ń fà á lọ́la, fáírọ́ọ̀sì á ti bímọ tán nínú ẹ̀. Ọ̀bẹ yẹn kan náà ló máa wá fi ya ara ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún fáírọ́ọ̀sì á sì tú jáde lọ bá àwọn tó kù.”

“Ikú kan náà?”

“Ikú kan náà, ọ̀bẹ kan náà. Àsìkò ló yàtọ̀.” Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Ti ọ̀rá ti yé mi. Ti ìgò ni ò tíì yé mi. Omi sísè ni wọ́n ń mu, inú yàrá ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Báwo ni nǹkan tó wà nínú ọ̀rá ṣe wọ inú ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ta ló ṣí wọn?”

Ìyá Oúnjẹ la ẹnu. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó tì í jáde, Bàbá Ìgò ti dìde lórí àpótí.

“Èmi ni,” ó ní. “Ní Ọjọ́bọ̀, mo fọwọ́ gbá ọ̀rá kẹrin bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó ń làágùn lára. Mi ò fọwọ́ kí n tó wọlé. Mo yọ òwú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ọwọ́ yẹn.” Ó gbé ọwọ́ náà sókè kí wọ́n lè rí i, ó sì ń gbọ̀n. Ó wá yíjú sí Ìyá Oúnjẹ níwájú gbogbo wọn. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ahọ́n rẹ̀ padà sísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé egungun mì. Ohun tó jáde ni, “Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, bàbá.” Kò ju ìyẹn lọ. Ẹ wò ó, kò parọ́. Kò fi ẹnikẹ́ni sùn. Ó kàn jẹ́ kí àgbàlagbà tó sọ ọ́ dènìyàn ru ẹrù rẹ̀ lọ ni.

Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi lé Ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá ní, “Bàbá, ẹ lọ sinmi, kò sí wàhálà.” Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì mú kó burú. Bàbá gba ẹnu ọ̀nà jáde láìwo ẹ̀yìn, láìgbá ọ̀rá kankan.

Wọ́n ní kí Ìyá Oúnjẹ da omi apakòkòrò sínú gbogbo ọ̀rá àti ìgò, kí ó sì dà wọ́n nù. Ó ṣe é fún ọ̀rá mẹ́jọ, ó ṣe é fún ìgò méjì. Ìkẹta ni ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó fi gèlè rẹ̀ wé e, ó gbé e sínú àpò, ó sì gbé e lọ sílé. Kì í ṣe ọgbọ́n kankan ló ń dá. Ó kàn dà bí ẹni pé kò yẹ kí òun tún jẹ́ ẹni tí yóò sin ín. Ó gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wò ó títí. “Ìyàwó mi, omi kí lèyí?”

“Ti ibi iṣẹ́ ni.”

“Ó dáa. Mo rò pé o ti fẹ́ máa sin òkun nílé ni.” Ó dúró kí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí kò rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń kùn pé ilé tí wọn kì í ti í rẹ́rìn-ín ni òwú ti máa ń já.

Wọ́n ra irúgbìn ewé mìíràn láti ibi tó jìnnà. Àwọn ọmọ oníkarahun ń jẹ ẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fún ní àgúnmu. Ìdajì wọn kú, àwọn tó kù kò dàgbà bó ṣe yẹ. Aláriwo sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ di àwàdà. “Ẹ má bọ Bàbá Ìgò lọ́wọ́ o,” ó ń sọ fún ẹni tó bá ń lọ kí bàbá, “omi ilé yín á funfun!”

Nígbà kẹta tó sọ ọ́, Ìyá Oúnjẹ ju ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Pa ẹnu ẹ mọ́! Kí lo mọ̀? Kí lo mọ̀ nípa ọwọ́ bàbá yẹn?” Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ẹ wo obìnrin tó mọ oore, wọ́n ní, ẹ wo bó ṣe ń jà fún ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọ̀gá gan-an fọwọ́ kàn án léjìká. Ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún débi pé ó ní láti bọ́jú lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó jáde. Ìyìn tí kì í ṣe tẹni máa ń wúwo lórí ju èébú lọ.

Ọ̀rọ̀ Dókítà kò fi í sílẹ̀. Ní ẹnu iṣẹ́, nínú ọkọ̀, níbi tó ti ń fọ abọ́, ó ń gbọ́ ọ: tó bá pẹ́, tó ń fà á lónìí, tó ń fà á lọ́la. Ọjọ́ yẹn ni ìbá ti sọ ọ́. Ìbá dùn ún, ìbá sì tán síbẹ̀. Báyìí, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti kọjá ń bí ọjọ́ mìíràn sí i. Bó bá sọ ọ́ lónìí, kì í ṣe ìgò nìkan ni yóò jẹ́wọ́ mọ́, yóò jẹ́wọ́ ìdákẹ́jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún pẹ̀lú.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọmọ Bàbá Ìgò obìnrin wá gba aṣọ tó fún ọkọ Ìyá Oúnjẹ tún rán. Ọmọ kékeré tirẹ̀ wà lápá rẹ̀, ọmọbìnrin ni, eyín méjì ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ó ní. “Ẹ ò wá kí wa mọ́.”

“Iṣẹ́ ni, àbúrò. Bàbá ńkọ́?”

Obìnrin náà gbé ọmọ sí apá kejì. “Ara wọn le. Orí wọn ni mi ò mọ̀. Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń gbé ọmọ yìí? Tí wọ́n bá ti jí láàárọ̀, ọwọ́ wọn ló ń wà. Látìgbà ọ̀rọ̀ ìgò yẹn, wọn ò fọwọ́ kàn án mọ́. Mo ní kí ló dé, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ò ṣeé fi ṣọ́ nǹkan ẹlẹgẹ́. Tí ọmọ bá ń ké, inú yàrá ni wọ́n ń sá lọ.” Ó nu itọ́ lẹ́nu ọmọ. “Ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n máa gbọ́ tiyín.”

Ìyá Oúnjẹ ní òun yóò wá. Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó wọ ilé ìdáná, kò sì mọ ohun tó wá ṣe níbẹ̀. Ó di ojú fèrèsé mú. Ìgbà náà ló rí i. Ní ìsàlẹ̀ ìgò funfun yẹn, ohun kan ti yí ìdí rẹ̀ po, tínrín bí okùn, ó sì pọ́n bí tíì.

Ó gbé e sókè sí oòrùn. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó ti wo àwọ̀ yìí fún ọdún mọ́kànlá, kò lè ṣì í mú. Ẹgbàágbèje ti kú nínú ìgò náà, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ wà tí fáírọ́ọ̀sì kò rí ọ̀nà wọ̀ lára, àwọn díẹ̀ wọ̀nyí sì ti ń bímọ lórí òkú àwọn ará wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ wọn. Ó jókòó sílẹ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín ń pa á, ẹkún ń pa á.

Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣọ́ ọ. Ó ń fi omi sísè bọ́ ọ títí àwọ̀ náà fi gun òkè dé ọrùn ìgò. Kí n má tan yín, kì í ṣe ewé nìkan ló ń ṣọ́. Ó ń ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀ náà. Irọ́ kan tó dùn wà nílẹ̀ tó ń pè é. Ó lè gbé ìgò wọlé kí ó ní òun ṣèèṣì rí i lẹ́yìn pẹpẹ. Ọ̀gá yóò gbá a mọ́ra. Aláriwo yóò jó. Irúgbìn Bàbá yóò padà, kò sì sẹ́ni tí yóò tún bi í léèrè ohunkóhun. Ọwọ́ Bàbá nìkan ni yóò kù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé ìgò náà sínú àpò, ó jáde bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́. Ó dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́, ó sì kọjá rẹ̀. Òpópónà kejì ni ilé Bàbá wà. Ó bá a lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ọwọ́ méjèèjì láàárín orúnkún. Ọmọ kékeré náà ń ṣeré lórí ẹní ní iyàrá kejì pẹ̀lú ìyá rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá tó kí i tán.

“Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ yín.”

“Kí ni kì í ṣe ọwọ́ mi?”

“Ti ìgò. Èmi ni. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kan kẹ́ ẹ tó dé. Mo da ìgò àárín nù, mo sì bu omi ọ̀rá kẹrin dí i.”

Ohùn ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ ni Bàbá fi sọ̀rọ̀. “Ìgò àárín nìkan?”

“Mo po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.”

“Kí ló dé?”

“Kí àwọ̀ wọn lè dọ́gba.”

“Kí n má bàa mọ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Ṣé o mọ̀ pé ká ní o fi í sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni ò bá fi kún padà?”

“Mo mọ̀.”

“Mi ò bá kàn fi ọ́ rẹ́rìn-ín ni.”

“Mo mọ̀, bàbá. Ẹ̀rín yẹn ni mo sá fún.”

Bàbá wò ó. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìbá sì sàn kí ìbínú wà níbẹ̀. “Nígbà tí mò ń bẹ̀ ọ́ níwájú wọn,” ó ní, “o ti mọ̀.”

“Mo ti mọ̀.”

Ìyá Oúnjẹ yọ ìgò náà nínú àpò, ó sì gbé e fún un. Bàbá fà sẹ́yìn. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó nà án, ó tún ká a kò. Ìyá Oúnjẹ kò gbé ìgò náà sílẹ̀, ó ń nà án sí i títí ọwọ́ àgbàlagbà náà fi jáde, tó gbà á. Ó gbọ̀n gidi, omi náà sì ń mì nínú ìgò. Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó yọ òwú, ó sì gbóòórùn rẹ̀ pẹ́.

“Òun ni,” ó ní. “Ó ti le ju tàtijọ́ lọ.” Ó dí ẹnu ìgò padà, ó sì gbé e kalẹ̀ sójú fèrèsé. “Ṣé Ọ̀gá ti gbọ́?”

“Ibẹ̀ ni mò ń lọ látibí.”

“Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi ni kó o sọ ọ́ fún un. Má bu omi là á.”

Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì nu aṣọ rẹ̀ títí, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì ké sí iyàrá kejì. “Gbé e wá fún mi.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin sáré jáde, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ti gbọ́ ohun gbogbo láti ẹnu ọ̀nà, kò wo Ìyá Oúnjẹ rárá. Ó gbé ọmọ náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá gbà á mọ́ra, ó fi àgbọ̀n kan orí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà yí ojú padà, ó wò ó. Ó fi ọwọ́ kékeré tì í ní àyà. Ó figbe ta.

Bàbá mì ín, ó kọrin sí i létí. Igbe náà ń le sí i, ọmọ náà tẹ̀ sẹ́yìn, ó na apá méjèèjì sí ìyá rẹ̀. Kò mọ ẹni tó gbé e.

“Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀,” Bàbá ní. “Ọmọ oṣù méje ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án pọ̀ lójú ẹ̀.” Ó gbé ọmọ padà fún ìyá rẹ̀. “Tún máa gbé e wá lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni.”

Ìyá Oúnjẹ ṣì wà lórí orúnkún. Ó ti to ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà: ti ìgò, ti irúgbìn, ti orúkọ Bàbá lẹ́nu àwọn ará ibi iṣẹ́. Kò sí èyí tó mú wá fún ti ọmọ yìí.

“Dìde,” Bàbá sọ fún un. Ó ti yíjú sí fèrèsé. “Gbé ìgò rẹ, kó o máa lọ. Ọ̀gá á ti dé ibi iṣẹ́.”

Ó dìde, ó gbé ìgò mọ́ àyà, ó sì jáde. Kí ó tó dé ẹnu géètì ilé Bàbá, ọmọ náà ti dákẹ́, torí ó ti wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.